Oṣù Kejì Ni Ọ̀nà Ti Ń Pín: Ohun Tí Iṣẹ́ Ìtọ́jú Àgbàlagbà ní Kwara Ti Kọ́ Wa

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í bi àgbàlagbà léèrè iye tó wà lápò rẹ̀. Bàbá tó fẹ̀yìntì ní ipò ọ̀gá ní sẹkitéríàtì, tó ń gbé GRA ní Ìlọrin, àti bàbá tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ hun òfì nínú agbo-ilé, ìfúnpá àwọn méjèèjì lè jẹ́ 170/100 lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá jọ lọ síbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, oògùn kan náà ni wọ́n máa kọ fún wọn, káàdì hóró oògùn méjì méjì. Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tí à ń ṣe láti Ìlọrin títí dé ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní gúúsù Kwara, oṣù kejì la ti ń rí i tí ọ̀nà wọn ń pín, nígbà tí káàdì méjì àkọ́kọ́ náà bá tán. Ti GRA á rán dírẹ́bà lọ sí kẹ́míìsì. Ti agbo-ilé á dúró dìgbà tí orí bá tún fọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí ìjọba bá sáà ti ṣe ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, ìyàtọ̀ á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1967, wọ́n tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ọkùnrin tó lé ní 17,000 nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Whitehall. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo wọn, kò sí òtòṣì paraku láàárín wọn. Síbẹ̀, ikú àwọn ońṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ikú àwọn ọ̀gá pátápátá nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí oníwádìí Michael Marmot àti akẹgbẹ́ rẹ̀ wo àbájáde ọdún 25, ìyàtọ̀ náà ti bá wọn wọnú ìfẹ̀yìntì. Ohun tí iṣẹ́ àti ipò ti ṣe sára èèyàn láti ẹni ogún ọdún, káàdì ọ̀fẹ́ kò lè pa á rẹ́ lẹ́ni àádọ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí sọ pé owó oògùn ò já mọ́ nǹkan o. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílé wa níbí. Ní 2007 ni ètò adójútòfò ìlera fún ará ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, kó tó dé àwọn ìlú míì ní Kwara. Owó ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti Netherlands ló gbé èyí tó pọ̀ jù, ará ìlú ń san díẹ̀. Láàárín 2009 sí 2011, àwọn oníwádìí wọn ìfúnpá àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní Àfọ̀n, níbi tí ètò náà dé, wọ́n sì wọn ti Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí kò dé. Òǹkà òkè, irú 170 tó wà nínú 170/100, wálẹ̀ ní nǹkan bíi 10 ní Àfọ̀n; ní Àjàṣẹ́, nǹkan bíi 5. Kò sí oògùn àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Wọ́n tún bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣe, ètò náà sì gba ẹrù owó ìtọ́jú kúrò lórí aláìsàn. Oṣù kejì ni wọ́n bá a tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó náà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà. Bí àwọn ọmọ bá ń dá owó fún òbí, owó oògùn ni wọ́n ń dá. Fún ìyá tó ń bọ̀ láti Èrúkù tàbí Ọbbo, oògùn lè má jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ wà níbẹ̀, tẹni méjì, torí àgbàlagbà kò lè dá lọ. Ọ̀kadà wà, láti ilé dé títì. Owó káàdì ilé ìwòsàn, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán, àti ọjà tí ọmọ tó sìn wọ́n lọ kò tà lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin (UITH) wà ní Òkè-Ọ̀sẹ̀, ẹ̀yìn ìlú. Ẹni tó bá sọ̀ ní gáréèjì ní Ìlọrin ṣì ní ọkọ̀ míì láti wọ̀. Kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, kí o kó o jọ, kí o tó sọ pé oògùn ló wọ́n.

Ìmọ̀ràn wa lórí èyí kò yí padà: ohun tó bá nílò Ìlọrin nìkan ni kí ẹ gbé lọ sí Ìlọrin. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, iṣẹ́ kíndìnrín, àyẹ̀wò ọkàn, ojú. Bí ìfúnpá bá ti wà lábẹ́ 140/90 nígbà méjì léraléra, ẹ bẹ dókítà kó kọ lẹ́tà padà sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, bíi ti Òmù-Àrán tàbí Ọ̀ffà, tàbí ibùdó ìlera wọ́ọ̀dù yín, kó sì kọ oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Kó kọ orúkọ oògùn gan-an, amlodipine, lisinopril, hydrochlorothiazide, kì í ṣe orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fún un. Láti 2023 tí náírà ti já, tí GSK, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá láti Britain, sì kéde lóṣù kẹjọ ọdún náà pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, àgbàlagbà tó bá fárí gá pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan lòun ń wá máa ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí ẹ rà ní kẹ́míìsì tó ní apòògùn tó gbàwé ẹ̀rí, á ṣe iṣẹ́ náà.

Nǹkan míì wà tí àwọn apòògùn mọ̀ tí wọn kì í sábà sọ bí a ò bá béèrè. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ pé amlodipine 10 mg kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju 5 mg lọ. Bí 5 mg bá ni dókítà kọ, tí ilà sì wà láàárín hóró 10 mg náà, ẹ lè béèrè bóyá ẹ lè máa dá a sí méjì. Owó oṣù kan á di ti oṣù méjì. Ṣùgbọ́n nifedipine tó ní "retard" lórúkọ, ẹ má dá a, ẹ má rún un, torí wọ́n ṣe é kó máa tú díẹ̀díẹ̀ sínú ara ni. Bí ẹ bá fọ́ ọ, gbogbo agbára rẹ̀ á já wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìfúnpá á já wálẹ̀ lójijì, àgbàlagbà á sì ṣubú.

Owó kì í wọlé fún gbogbo àgbàlagbà lọ́nà kan náà, nítorí náà ètò oògùn wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ń retí pẹ́nṣàn lóṣooṣù. Kó ra oògùn lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kó tó san gbèsè alájàpá. (Ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní abala 210, sọ pé kí wọ́n máa tún pẹ́nṣàn ìpínlẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá yí padà. Ẹ bi àwọn tó ti fẹ̀yìntì pẹ́ bí ó ṣe ń lọ.) Àgbẹ̀ ní gúúsù Kwara kì í rí owó oṣù. Ó ń rí owó kajú láti nǹkan bí oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, ó tún ń rí owó iṣu nígbà tó bá wà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àsìkò kajú ni kí ẹ ra oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn á bàjẹ́ kí ó kọjá ìgbà tí ẹ máa lò ó tán, kí ẹ sì gbé e síbi tútù, kì í ṣe sórí àjà abẹ́ páànù. Ìyá ọlọ́jà tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ lè dá àjọ oògùn lọ́tọ̀, kékeré, lọ́dọ̀ alájọ kan náà, kí wọ́n sì fẹnu kò pé owó yìí kò ní jáde fún ìnáwó ìsọmọlórúkọ. Ẹni tí ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ sí ló ṣòro jù, torí owó ọmọ kì í ní ọjọ́. Ọgbọ́n tó dáa ni kí ọmọ má fi owó náà ránṣẹ́ sílé rárá, kó sanwó tààrà fún kẹ́míìsì kan tí ẹbí fọkàn tán, kí kẹ́míìsì máa ya fọ́tò káàdì oògùn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Àwọn ìyá kan kò fẹ́ èyí, wọ́n ní ó dà bí ẹni pé wọn ò lè ṣọ́ owó. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣe é, ẹ má ṣe é mọ́ wọn lórí.

Ohun tó ń ba ìtọ́jú jẹ́ lẹ́yìn owó pọ̀, owó ló sì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tọkọtaya á máa pín káàdì kan lò. Ẹlòmíì á máa lo oògùn ní ọjọ́ tí ara bá wúwo nìkan, kó lè pẹ́. Bẹ́ẹ̀ amlodipine kò lè fi agbára rẹ̀ tó pé hàn kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹni tó ń fò ó kò tíì lò ó rí. Ẹsẹ̀ wíwú náà wà. Amlodipine lè fa wíwú ọrùn ẹsẹ̀, pàápàá 10 mg, àgbàlagbà á ní oògùn ti kó sí òun lára, á dáwọ́ dúró. Àṣìṣe tó tún burú ni kí kẹ́míìsì fún un ní oògùn amúnitọ̀, irú hydrochlorothiazide tó ń mú kí ìtọ̀ pọ̀, láti fi lé wíwú náà. Wíwú yìí kì í sábà gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí dókítà dín in sí 5 mg, kó sì fi lisinopril tàbí losartan kún un. Bí lisinopril bá ń fa ikọ́ gbígbẹ, losartan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Oògùn amúnitọ̀ ní wàhálà tirẹ̀ tí a kì í kọ sínú ìwé. Ilé tí ṣáláńgá wà ní ẹ̀yìnkùlé, tí èèyàn á gba òkùnkùn kọjá kó tó dé ibẹ̀, ìyá tí orúnkún ń dùn kò ní lo oògùn tó máa mú wọn jí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru. Lọ́jọ́ báńkì tàbí ọjọ́ ọkọ̀, wọn ò ní lò ó rárá. Àwọn tó ní ilé ìtọ̀ nínú yàrá kì í rí èyí bí ìṣòro, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ oògùn fi ń bínú pé "ìyá yìí ò gbọ́ràn." Àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n máa lò ó, kì í ṣe alẹ́. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n lè sún un sí ìgbà tí wọ́n bá dé. Pò tó ní ìdérí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóru sàn ju kí egungun itan kán lọ.

Wíwọn ìfúnpá fúnra rẹ̀ ń ṣe ojúsàájú. Èyí tí wọ́n wọn lórí ìdúró lójú ọjà, lẹ́yìn tí ìyá ti rìn láti Ìpàta, kò ṣeé tẹ̀ lé. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó jókòó. Kí wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ìwọ̀n ọkàn, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, fi ìṣẹ́jú kan sáàárín. Nílé, 135/85 ló dọ́gba pẹ̀lú 140/90 ilé ìwòsàn. Ohun tó sì kan tálákà gbọ̀ngbọ̀n ni ìbọpá ẹ̀rọ náà: bó bá fẹ̀ jù fún apá tó ti gbẹ, òǹkà tó máa gbé jáde á kéré ju òótọ́ lọ. Àgbàlagbà tó tín-ín-rín tí wọ́n ní "ìfúnpá yín dáa" lè má dáa. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dìde, kí a tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkẹta. Bí òǹkà òkè bá fi 20 já, ó lè jẹ́ pé oògùn ti pọ̀ jù tàbí omi ti kéré lára. Agbo-ilé kan ní Ìlọrin lè dáwó ra ẹ̀rọ alápá kan, kó wà lọ́dọ̀ ẹni tó lè kàwé, kí wọ́n máa gbé e lọ síbùdó ìlera lọ́dọọdún láti fi wé tiwọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni làkúrègbé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Ìlọrin, àwọn ahunṣọ, àwọn tó ń se irú, àwọn tó ń kọ ebè: orúnkún, ẹ̀yìn àti ojú wọn ti gbó kí wọ́n tó pé ọgọ́ta, kò sì sí pẹ́nṣàn tó ń dúró dè wọ́n. Ohun tí wọ́n wá ń rà ni oògùn tí wọ́n pò pọ̀ sínú náílọ̀nù kékeré ní gáréèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni diclofenac tàbí piroxicam, tó jẹ́ oògùn ìrora, ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú prednisolone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìfúnpá á ga sókè kọjá agbára oògùn rẹ̀, ikùn á ní egbò, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ṣúgà á gòkè. Ẹni tó ń lo lisinopril àti oògùn amúnitọ̀ pọ̀, tó tún wá fi diclofenac kún un, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ńlá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà gbogbo, láìfi ìdájọ́ sí ohùn, "Kí lẹ̀ ń lò fún ẹ̀yìn?" Wọn kì í kà á mọ́ oògùn bí a bá béèrè oògùn. Paracetamol, omi gbígbóná, àti àpótí tó ga díẹ̀ fún ìjókòó ìdáná kò wọ́n.

Lórí ojú, kúkúrú: ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe ní gbogbo Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 rí i pé 4.2 nínú 100 àwọn tó ti lé lógójì ọdún ló fọ́jú, kàtárààtì, ìkùukùu inú ojú, ló sì fa èyí tó pọ̀ jù, ó sì pọ̀ lára obìnrin àti ẹni tí kò kàwé. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kì í pẹ́. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kàtárààtì sẹ́yìn nínú ojú máa ń wọ agbo-ilé, owó wọn kéré, aláìsàn á sì rí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń tan ni jẹ nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú tí wọ́n fọwọ́ kàn lè kú pátápátá.

Ní Ìlọrin, oṣù ààwẹ̀ ni a ń bẹ̀rù jù fún onítọ̀ ṣúgà. Oògùn tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, glibenclamide, wà lára èyí tó ń mú ṣúgà já wálẹ̀ jù lára àgbàlagbà, pàápàá tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́. Metformin nìkan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí oṣù tó lé. Bí ẹ̀rọ bá fi ṣúgà hàn lábẹ́ 70, tàbí tí bàbá bá ń làágùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ń dàrú, kí wọ́n ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú omi, kí a tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wíwọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ààwẹ̀ kò bá ṣeé gbà fún mọ́, ó ní fídíyà, ìyẹn oúnjẹ tí à ń fún tálákà dípò ààwẹ̀; ọ̀dọ̀ àáfà tí bàbá gbọ́ràn sí lẹ́nu ni kí ọ̀rọ̀ náà ti wá, kì í ṣe lẹ́nu ọmọdé nọ́ọ̀sì.

Òfin adójútòfò ìlera 2022 ka àgbàlagbà mọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́, bí aláboyún, ọmọdé, aláàbọ̀ ara àti tálákà paraku. Lórí ìwé, ó dáa. Ní ẹnu ọ̀nà, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ló ń dá wọn padà. Ọwọ́ tó ti fi ogójì ọdún di ọkọ́ mú, tó sì ti fọ irú, ìlà ìka rẹ̀ ti parẹ́, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òrí pa á lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n nù ún dáadáa lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì dán gbogbo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò. Bó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà ohun tó wà fún ẹni tí ìka rẹ̀ kò jáde. Ẹ má kàn padà sílé. Nọ́ńbà fóònù tó bá wọ inú rẹ̀, ti ẹni tó ń gbélé ni kó jẹ́, kó má jẹ́ ti ọmọ-ọmọ tó ń pààrọ̀ káàdì síìmù. Ọjọ́ ìbí sì ń kọ́? Àgbàlagbà tí wọ́n kàn méfò ọdún fún lè bọ́ sábẹ́ ọgọ́ta lórí ìwé, kó sì pàdánù ohun tó tọ́ sí i. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ tí ìlú mọ̀ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bí orúkọ bá ti wọlé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ibùdó ìlera wo ni wọ́n kọ ọ́ sí, oògùn wo ni wọ́n ń fún ni níbẹ̀, ọjọ́ wo ló máa tán. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń kú láìsí ariwo, ọjọ́ àìsàn lèèyàn ń mọ̀.

Oúnjẹ: bí ẹja bá ti kúrò nínú ìkòkò, magí ló ń gba ipò rẹ̀. Ìwọ̀n iyọ̀ tó yẹ fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú ti inú magí, kò kọjá ṣíbí tíì kan. Kán-ún náà ń fi ohun tó wà nínú iyọ̀ kún ara. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ pa á mú ọbẹ̀ dùn. Wàrà, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí ló sún mọ́ owó wa. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù télọ̀ wọn ibi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti nípọn jù. Bí kò bá pé sẹ̀ǹtímítà 31, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ kò tó, ohunkóhun tí ìyá ì báà sọ pé wọ́n jẹ.

Ẹ béèrè ẹni tó ń mú owó jáde nínú ilé. Opó tí àkọ́bí ọkùnrin ń pinnu fún lè ní ilé, kó ní oko, kí owó ọkọ̀ sí ọsibítù má sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Owó pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìyá fúnra wọn.

Rọpárọsẹ̀ lóru ni ibi tí gbogbo èyí ti ń pàdé. Ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tí kò ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ tó ń fà: ọ̀kan péré tó láti gbéra. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ló ń wúlò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ. Ẹ kọ aago tí ara wọn ṣì yá kẹ́yìn sílẹ̀. Ní abúlé, kí ẹ ti bá ẹni tó ní ọkọ̀ dúnàá-dúrà ṣáájú, iye tó máa gbà lóru àti ẹni tó máa san án lọ́jọ́ kejì, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹ má fi omi, epo pupa tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí wọn lẹ́nu lójú ọ̀nà. Ọ̀fun tí rọpárọsẹ̀ ti mú lè má gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ.